Fìlà Tíṣà Adémúyìwá Nínú Omi Ìwópin

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń mú ènìyàn ga ni, Tíṣà Adémúyìwá ìbá ti ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Àgbò lọ. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ti ń kọ ewì, ewì rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Wọ́n sọmọ lórúkọ, á kéwì. Wọ́n ṣe ìkórè, á kéwì. Bí àwọn àgbà ìjọ bá ń tòògbé, á ní ọgbọ́n inú ewì òun ló wọ̀ wọ́n lára.

Gbémi, ìyàwó rẹ̀, kì í bá a jiyàn. Fíìmù àtijọ́ tí kò ní ohùn ni tirẹ̀, èyí tó máa ń wò lórí fóònù: ọkùnrin tín-ín-rín kan á já sí kòtò, á dìde, á gbọn eruku nù, á tún lọ forí sọ àkàbà. Gbémi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Tíṣà á yínmú. "Ìyá Ògoolúwa, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ aráyé?"

"Bàbá Ògoolúwa, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ."

Ìgbà tó yá, ilé ìwé kan ní Ìwópin ń ṣe àjọ̀dún, wọ́n ní kí Tíṣà wá kéwì. Ó kọ ewì kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá ayé. Ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà àrán. Ọ̀nà mọ́tò wà, ṣùgbọ́n Tíṣà ní akéwì kì í wọ̀lú bí èrò ọjà; ojú omi ni òun yóò gbà bí ọba.

Àwọn tó wá pàdé rẹ̀ ti ń dúró ní èbúté Ìwópin. Nọ́fíù tó ń tukọ̀ kò tíì so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí Tíṣà ti dìde, tó ti la ẹnu, tó gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó èbúté. Ọkọ̀ sún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan ń lọ, èkejì dúró, Tíṣà sì balẹ̀ sínú omi gbàmù!

Omi náà kò ju ìbàdí lọ. Agbádá wú bí ẹ̀kọ tó ń hó. Fìlà léfòó, Tíṣà nawọ́ sí i, ìgbì tì í síwájú. Ó lé e, ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ó tún rì. Èbúté dàrú fún ẹ̀rín. Àjẹ̀ ni Nọ́fíù fi gbé fìlà náà, ó sì dé e fún un tòun ti ojú oró. Tíṣà la ẹnu láti kéwì, omi ló tú jáde. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un lọ́jọ́ náà, ewì rẹ̀ kankan kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó fi ìbínú àti ọ̀fìnkìn wọlé; ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé etí Gbémi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó yọjú wo fóònù láti ẹ̀yìn Gbémi. Ọkùnrin tín-ín-rín náà ṣubú, kò fọwọ́ kan ara rẹ̀, fìlà ló kọ́kọ́ ń wá.

"Dá a padà sẹ́yìn," ni Tíṣà wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tó fi jẹ́ fìlà ló kọ́kọ́ ń wá?"

"Kí lẹ̀yin náà kọ́kọ́ wá?"

Tíṣà wá ìwé ewì rẹ̀ jáde. Ó fa bírò yọ:

*Mo ṣubú, mo ń wá fìlà;*
*orí tí mo fẹ́ dé e sí wà lábẹ́ omi.*

Ó kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akéwì ní Àgọ́-Ìwòyè. Gbóyèga tí í ṣe alága wúkọ́. "Ṣé ó ti tán ni? Òwe dà? Ìjìnlẹ̀ dà? Àbùkù gbáà lèyí jẹ́ fún ẹgbẹ́!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé tí kò lópin, ó ń fẹ imú, ó ń na ìka sókè. Tíṣà wo ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé yìí títí tí kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, bí ẹni ń wo fíìmù Gbémi. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Tíṣà, kò sì rí i dá dúró.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́gbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ẹnu géètì.