Òfin Keje Misturat

Ìyàwó mi ni Misturat. Ẹ má bínú, kì í ṣe èmi ni mo gbé e níyàwó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ràsáàkì, ló fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ilé Ládòkun, ní Ìsẹ́yìn níbí, obìnrin tí ẹnì kan bá fẹ́, gbogbo ọmọ ilé ló fẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tó ti wọlé wa, kò pe orúkọ mi rí. Àpọ́nlé ni orúkọ mi, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. "Adúmáadán" ló ń pè mí. Mo dúdú lóòótọ́; dídán yẹn ni mi ò rí nínú dígí.

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tí gbogbo nǹkan rẹ̀ máa ń wà létòletò, òun ni. Ìkòkò rẹ̀ ní àyè, ṣíbí rẹ̀ ní àyè, kódà adìẹ rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí òun yé sí. Ilé-ìwé aládàáni kan ló ti ń ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bí ọmọ kẹta, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Ìsinmi ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Oṣù mẹ́fà ló fi ń to abọ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yá ló lọ bẹ Bàbá wa pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, níbi tí wọ́n ti máa ń hun òfì láyé ìgbà kan. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, láti aago mẹ́sàn-án títí di méjìlá, kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé-kéú, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi òwú hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí páálí. Ọmọ mẹ́tàdínlógún! Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ara rẹ̀ ti yá.

Àfi Sátidé kan, lẹ́yìn Iléyá. Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, ó ní òun wá mú Muhydeen, ọmọ Sọ̀fíyàt aládùúgbò wa. Ọmọ náà fò mọ́ ọn lọ́rùn, Misturat sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Nígbà tí Sọ̀fíyàt dé, kò bá ọmọ. Yéè! Ẹ ò gbọ́ igbe. A wá ọmọ yìí dé ìdí kànga, a wá a dé gáréèjì. Ó tó aago mẹ́ta kí á tó rí i nílé ìyá bàbá rẹ̀, tó ń jẹ iṣu sísè, epo ti dé etí rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti Ogbooro wá ló mú un. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, ọwọ́ ta ni kí òun ti tọrọ rẹ̀? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Sọ̀fíyàt kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun máa mú ọmọ òun kúrò, ìyá mẹ́fà mìíràn sì ní ohun tí àwọn náà máa ṣe nìyẹn. Misturat wọ yàrá lọ, ó sunkún. Bí ìyá méje bá mú ọmọ wọn lọ, kíláàsì ti tú nìyẹn, ó di ìdí abọ́ títò.

Ló bá gbé bírò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ òfin àti àdéhùn tí òbí kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ sí. Ó ti lọ wo ti ilé-ìwé ńlá kan ní Ìbàdàn lórí fóònù, ó sì ń dà á kọ bó ṣe rí i. Ó wá kà á sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Òfin kejì: kí òbí má ṣe gbé mọ́tò dí ẹnu géètì.

"Ìyàwó mi, géètì wo?"

"Adúmáadán, ẹ jẹ́ kí n kà á tán."

Òfin kẹrin: a kò ní jẹ́ kí ọmọ wọ adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ láìgba àṣẹ òbí. Mo bi í bóyá kànga Ìyá Àbíkẹ́ ló ń wí. Ó fi ìlà pa á rẹ́. Òfin lórí ewúrẹ́ ló fi rọ́pò rẹ̀, nítorí ewúrẹ́ ti jẹ páálí ọmọ méjì.

Ṣùgbọ́n òfin keje ni baba gbogbo wọn. Ẹni tó bá máa wá mú ọmọ, orúkọ àbísọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Tíṣà á pe orúkọ náà sókè, ẹni náà á dáhùn, kí ọmọ tó dìde. Kò sí ojúsàájú nínú rẹ̀.

Ó pín fọ́ọ̀mù. Nígbà tí fọ́ọ̀mù padà dé, ó di ẹ̀rín. Àwọn ìyàwó ilé ló kọ ọ́, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló kọ "Ìyá Àgbà". Ẹnì kan kọ "Ìbàdíàrán", òmíràn kọ "Eyínfúnjowó". Àwáwù, ìyàwó àbúrò mi, kọ "Ọkọ mi Akọ̀wé", bẹ́ẹ̀ màlúù ni ẹni tó ń wí ń tà, kò kọ lẹ́tà rí láyé rẹ̀. Misturat ní òun ò gbà, orúkọ àbísọ lòun fẹ́. Àwọn obìnrin fárígá.

"Ṣé orúkọ ìyá ọkọ mi ni kí n fi bírò kọ? Kí wọ́n lè sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Ni wọ́n bá kó fọ́ọ̀mù wọn tọ èmi ọmọ ilé wá. Mo ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bá wọn kọ gbogbo rẹ̀. Àwáwù yí ọkàn padà, ó ní Bàbá wa ni kó máa wá mú Mojeed, ọmọ òun, torí pé ọjà lòun máa ń wà ní Sátidé. Mo kọ orúkọ Bàbá. Mo sọ fún ara mi pé kíkọ yàtọ̀ sí pípè. Inú Misturat dùn, ó fi ìwé náà sínú náílọ́ọ̀nù. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n wa, kò sí ẹni tó rántí béèrè pé ta ló máa pè wọ́n.

Sátidé pé. Ará ìta ni àwọn tó kọ́kọ́ wá, Misturat sì ń pè wọ́n geere.

"Ògúndèjì Kẹ́hìndé!"

"Èmi nìyí!"

Ọmọ á dìde. Orí ń wú Misturat. Sọ̀fíyàt jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Ni Bàbá wa bá yọ, tàwọn tọ̀pá ọwọ́ wọn.

Misturat kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó ṣí ìwé. Ó wo ìwé. Ó wo Bàbá. Ó tún wo ìwé. Òógùn bo imú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi náà, mo sì dìde nídìí ẹ̀rọ.

Mojeed ti fò sókè. "Bàbá àgbà mi nìyẹn!"

"Mojeed, jókòó." Misturat gbìyànjú. "Bàbá... Bàbá Ràsáàkì."

Sọ̀fíyàt wúkọ́. "Tíṣà, ṣé ohun tó wà nínú òfin keje nìyẹn?"

Ẹ wo wàhálà! Bó bá fo Bàbá, òfin ti kú lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, Sọ̀fíyàt á mú ọmọ rẹ̀ lọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Bó bá sì pè é, ìyàwó tó lajú sílẹ̀ pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ lójú gbogbo ayé, ta ló máa gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí? Ó yíjú sí mi.

"Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é."

"Èmi kẹ̀? Bàbá tó bí mi lọ́mọ? Èèwọ̀!"

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí yẹn, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Bàbá ní kí ló dé, ṣé ọmọ ò ní lọ jẹun ni? Misturat tún kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé òfin keje fún wọn. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ ìbínú bàbá mi. Ọ̀pá yẹn ti bà mí lẹ́yìn rí.

Bàbá fi ọ̀pá ti ògiri. Wọ́n ṣí fìlà.

"Kí o pe orúkọ mi sókè ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ta ni mò ń bá bínú? Ìyá mi tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo tó kù, tá a jọ kọ́ṣẹ́ òfì, ọdún kẹrin rèé tá a ti sin ín. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ni gbogbo yín ń pè mí. Bàbá, Bàbá, Bàbá. Láàárọ̀ míì, bí mo bá jí, èmi fúnra mi á pè é lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà gbàgbé. Pè é, ọmọ mi. Pè é, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Misturat ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé ìwé bojú.

"Búráímọ̀ Àkànní Ládòkun."

"Èmi rè é!"

Ẹni ọgọ́rin ọdún ló dáhùn yẹn o, ohùn náà sì ròkè bíi ti ọmọ iléèwé. Sọ̀fíyàt wolẹ̀. Ní tèmi, ẹkún ni mo ń sun, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mojeed nìkan ló ń béèrè bóyá òun lè dìde wàyí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àwáwù ò lọ sọ́jà, òun fúnra rẹ̀ ló wá mú ọmọ rẹ̀. Ó bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sinmi, òun ti dé.

"Dúró ná," ni Bàbá wí. "Kò tíì pè mí."