Ẹ̀gẹ́ Tó Wà Lórí Ilẹ̀ Tí A Rà

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí a ti ń gbé inú ilé kan náà ní Súrùlérè kí ọmọ láńlọ́ọ̀dù wa tó ti òkè òkun dé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa, tó ní òun fẹ́ ta ilé bàbá òun. Kò pariwo, kò sì bínú. Ó tilẹ̀ yìn wá pé a tọ́jú ilé. Oṣù mẹ́fà ló fún wa. Bó ṣe jáde ni ọkọ mi padà sídìí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò lè jókòó mọ́. Mò ń ti yàrá bọ́ sí ilé ìdáná, mò ń fọwọ́ kan ògiri bí ẹni tó ń wá ibi tó ń jò. Àwa la kun ògiri yẹn. Inú ilé yẹn ni mo ti bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tíṣà ni mí, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá. Tíṣà ni bàbá mi náà, ilé onílé ló sì kú sí. Láti ọjọ́ tí ọmọ láńlọ́ọ̀dù ti wá ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dún létí mi: ilé onílé. Mo lè máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kí n ṣàdédé dákẹ́, kí n máa wo ìta, títí ọ̀kan nínú wọn á fi sọ pé, "Àǹtí, ẹ ò tíì kọ ìdáhùn o."

Ilẹ̀ Èkó ti kọjá agbára wa. Obìnrin kan tí a jọ ń kọ́ni ló sọ fún mi nípa abúlé kan ní ìkọjá Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀. Èmi àti ọkọ mi lọ ní Sátidé kan. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà tán, a gun ọ̀kadà, erùpẹ̀ pupa bò wá lẹ́sẹ̀. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ló kọ́kọ́ pàdé wa kí a tó rí ilé kankan. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí kò kan ẹ̀gẹ́. Àwọn kan ń gbìn ín, àwọn kan ń bó o, àwọn kan ń yan gaàrí. Ẹni tí kò ṣe èyíkéyìí níbẹ̀ ń tún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin ín ṣe, tàbí kó máa rán àpò. Lọ́rọọrún, tí í ṣe ọjọ́ ọjà wọn, ọkọ̀ akẹ́rù máa ń wá kó gaàrí lọ sí Mushin àti Ìjọra. Ọkọ̀ yẹn náà ló ń kó ọṣẹ, kẹrosíìnì àti aṣọ òkìrìkà bọ̀ fún wọn. Bí kò bá wá, ọjà ò ná.

Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ tutù, mú wa lọ wo pulọ́ọ̀tì méjì. Ẹ̀gẹ́ kún ún, ó ga dé èjìká mi.

"Bàbá, ta ló ni ẹ̀gẹ́ yìí?" Èmi ni mo bèèrè.

"Ilé wa náà ni. Ẹ má fi ìyẹn ṣe. Bí ẹ bá ti ṣetán, a ó ní kí wọ́n wú u."

Mi ò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò fẹ́ gbọ́ òmíràn ni.

A sanwó, a fọwọ́ síwèé, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sì ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A kó kúrò ní Súrùlérè lọ sí yàrá méjì ní Mushin. Mo rò pé ara mi á wálẹ̀. Ara mi ò wálẹ̀. Bí Sátidé bá ti mọ́, màá ti wà ní Ojúẹlẹ́gbà, màá ti máa wá ọkọ̀.

"Mọ́mì, ilẹ̀ ò lẹ́sẹ̀," ọkọ mi á sọ. "Kò ní sá lọ."

"Mo mọ̀, Dádì." Màá sì lọ. Màá yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po, màá dúró díẹ̀, màá padà sílé.

Ní Sátidé kẹrin tàbí karùn-ún, mo bá obìnrin mẹ́ta nínú ilẹ̀ náà, wọ́n ń wú ẹ̀gẹ́. Orí mi gbóná.

"Ta ló ní kí ẹ wọ ibí?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn nà ró díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. "Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mo ra ilẹ̀ yìí."

Ó wò mí, ó wo àwọn yòókù. "Ó rà á," ó sọ fún wọn, bí ẹni pé èdè mìíràn ni mo sọ tí òun ń túmọ̀. Ó wá jókòó lórí ebè.

Àbúrò olórí ẹbí ni ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ náà ti kú ló ti ń gbin ilẹ̀ yẹn, òun ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé wọ́n ti tà á. Ó rí àwọn òpó náà lóòótọ́. Ó rò pé ìjọba fẹ́ fa iná wọlé ni.

Kò sunkún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní, "Ẹ máa bọ̀." Mo tẹ̀ lé e lọ sí abẹ́ páànù kan lẹ́yìn abúlé, níbi tí obìnrin mẹ́ta mìíràn wà, ọ̀kan ń fi jáàkì fún omi ẹ̀gẹ́ kúrò nínú àpò, ọ̀kan ń fi asẹ́ kù ú, ọ̀kan ń yan án. Èéfín ń ta mí lójú.

"Àwa mẹ́fà tí ilẹ̀ yẹn ń bọ́ nìyí," ó ní. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kọ́lé?"

"A ò tíì mọ̀, mà."

"Ṣé kí igbó wá hù sí i kó tó dìgbà náà?"

A ò ní owó búlọ́ọ̀kù kan.

Mo kọjá sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi. "Ìyàwó ilé ni," ó ní. "Ọkọ rẹ̀ ló ní ìpín, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Ṣé kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó kí n tó ta ilẹ̀ bàbá mi?" Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ mi. "Ẹ má rò pé èmi nìkan ni mo jẹ owó yẹn. Ìjì ká òrùlé ilé ẹbí wa lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní ilé ìwòsàn."

Nígbà tí mo ròyìn fún ọkọ mi, ó ní ìjà ilé wọn ni. "Jẹ́ ká mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Kó wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀."

"Kò tíì tó wú tán, Dádì."

"Ojú rẹ kọ́ ni ọmọ láńlọ́ọ̀dù ṣe wá lé wa? Ṣé o fẹ́ kí ẹlòmíràn tún wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ni?"

"Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn báyìí," mo ní.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn nígbà tí ìyá tó ń gbin ilẹ̀ náà pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Túsìdeè kan, tí mo wà ní kíláàsì. Ẹni tó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa gbé katapílà wá, katapílà sì ti ṣe ìdajì tiwa mọ́ ọn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì lọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀gẹ́ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló sùn lọ bẹẹrẹ lórí ilẹ̀. Ìyá náà ń ṣa igi ẹ̀gẹ́, ó ń gé e, ó fẹ́ tún un gbìn. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dì í.

"Tíṣà, aṣọ yín ti bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́, mà."

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, mo sọ fún un pé títí ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù lélẹ̀, kó máa gbìn ín.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó mi mọ́."

Mo fa ìwé méjì ya nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà nínú báàgì mi, mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo kà á sí i létí. Mo fọ́ bíró kí yíǹkì lè jáde, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Olórí ẹbí kọ̀ láti ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, "Oúnjẹ dà?" nìkan ni ọkọ mi ń sọ sí mi.

Ọdún kẹta rèé, Mushin la ṣì wà. Wọ́n ta ilẹ̀ tí páànù àwọn obìnrin yẹn wà, àwọn obìnrin náà wá bẹ̀ mí, mo sì fún wọn ní igun kan nínú tiwa. Gaàrí abúlé ti dínkù, ọkọ̀ akẹ́rù máa ń fo ọjọ́ ọjà kan kó tó wá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ ebè tẹ́lẹ̀ ló ń mú àwọn ará Èkó bíi tèmi káàkiri wo ilẹ̀ báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́fà náà ti lọ ń pọn omi fún àwọn tó ń lu búlọ́ọ̀kù. Nígbà míì, bí mo bá ń kọjá ní Costain, màá bi ara mi: ṣé àánú ni mo ṣe yẹn, àbí mo ti ta ilé àwọn ọmọ mi? Mi ò mọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ mi tẹ̀ lé mi lọ. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí i, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí ìyá. Ìyá mú ọkọ́ rẹ̀, ó ṣíwájú lọ sí apá òkè ilẹ̀ náà, ó fi ọkọ́ fa ìlà.

"Ibí ni kí ẹ kọ́ ọ sí. Omi kì í dúró níbí."

Ọkọ mi bèèrè ibi tí omi ń gbà wá nígbà òjò. Ìyá ń fi ọwọ́ júwe, wọ́n jọ ń sọ ọ́ lọ. Èmi dúró láàárín ebè méjì, ẹ̀gẹ́ kékeré lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ kékeré lósì, mi ò mọ ibi tí mo lè gbẹ́sẹ̀ lé.