Omi Ọṣẹ Lábẹ́ Ìjókòó Ẹ̀yìn

Nínú ọgbà ilé tí a háyà ní Igbona l'Óṣogbo, bí oòrùn ọ̀sán bá ti wọ orí ọkọ̀ mi, òórùn epo bẹntiróòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn láàárín òórùn dòdò tí ará ilé wa ń dín. Kò le rárá. Ẹlòmíràn lè jókòó tì í kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti wà nínú bọ́ọ̀sì kan rí lójú ọ̀nà Iléṣà, níbi tí irú òórùn bẹ́ẹ̀ ti ṣáájú iná dé. Ojú fèrèsé ni mo gbà bọ́. Àpá rẹ̀ wà ní apá òsì mi dòní, àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi kò sì rí fèrèsé gbà. Mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ohun tó sọ imú mi dà báyìí ni.

Ọkọ mi kò gbóòórùn kankan. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, iná ọjọ́sí yẹn ló ṣì ń jó lọ́kàn rẹ." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò fi gbogbo ẹnu jiyàn. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo fẹ́ lọ gbé ìyá mi ní Ìmẹ̀sí-Ilé wá sí Òṣogbo fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹ̀yìn ni wọn yóò jókòó sí. Ojú wọn kò ríran mọ́, orúnkún ń dùn wọ́n. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, wọn kò lè gba ojú fèrèsé bọ́ bíi tèmi. Mo ní ọkọ̀ náà kò ní gbé wọn títí n ó fi mọ ibi tí òórùn ń gbà wá.

Mẹkáníìkì wa, ọkùnrin kan tó jù mí lọ, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ pa gbogbo páìpù tó rí. Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ wò ó, màdáámù, ó gbẹ. Ọkọ̀ yìí kò jò." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀yin kọ́ ni Ìjẹ̀ṣà? Wọ́n ní ẹ ò rídìí ìṣáná, ilé lẹ ti ń múná roko. Báwo lẹ ṣe wá ń sá fún òórùn lásán?" Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n mi ò gba kọ́kọ́rọ́ mi padà.

Mo ti ń ṣọ́ òórùn náà. Ìgbà tí táńkì bá kún ló máa ń le. Bí epo bá lọ sílẹ̀, á dínkù. Òwúrọ̀ tútù kì í mú un wá, oòrùn ló ń jí i. Kì í sì í ti iwájú wá, ẹ̀yìn ni. Ìkòkò tó ń hó lórí iná ni mo fi rò ó: bí ìdérí kò bá dé dáadáa, omi lè má dà sílẹ̀, ooru á sì máa jáde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó lè má jẹ́ epo ló ń jò, ó lè jẹ́ ooru rẹ̀. Ooru epo kì í rin ọwọ́."

Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣí ìjókòó ẹ̀yìn." Mo ní kí ó kọ́kọ́ tú bátìrì, mo sì bẹ ọkùnrin tó ń mu sìgá nítòsí kó jìnnà sí wa. Ó tú orí táńkì síta, òórùn náà sì yọ sí wa. Mo rántí bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń wá ojú ihò, ni mo bá ní kí wọ́n po omi ọṣẹ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí gbogbo róbà páìpù tó jáde lórí táńkì ká. A dúró. Ní ẹ̀gbẹ́ róbà kan tí ọyẹ́ ti là, omi ọṣẹ wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ó bẹ́, ó tún wú.

Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ.

Nígbà tó tọ róbà náà lọ síwájú ló rí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹnì kan ti yọ agolo èédú tó ń fa ooru epo mọ́ra, ó sì fi bóòtù irin dí ẹnu róbà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe, wọ́n ní agolo náà kò wúlò nílẹ̀ wa. Ooru tí kò rọ́nà àbáyọ wá fúnra rẹ̀ wá ibi tó gbó jù lọ. Ó pààrọ̀ róbà, ó wá agolo tòkunbọ̀ kan dá padà síbẹ̀, ó tún fi omi ọṣẹ kùn ún. Omi ọṣẹ náà jókòó jẹ́ẹ́. Síbẹ̀, mo rọ epo kún táńkì, mo gbé ọkọ̀ sínú oòrùn, mo ti gbogbo fèrèsé, mo sì jókòó sẹ́yìn, níbi tí ìyá mi yóò jókòó sí, mo ń fa èémí. Òórùn òógùn ara mi nìkan ni mo gbọ́.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti Ìmẹ̀sí-Ilé, a kò tíì kọjá Ẹ̀sà-Òkè tí ìyá mi fi sùn lọ lẹ́yìn. Mo ń wò wọ́n nínú díńgí. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹ̀rù ni ohun tó burú jù lọ tí iná yẹn fi sílẹ̀ sí mi lára, ju àpá lọ. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó wúlò, bí a bá jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bí ọkọ̀ kan bá ń rùn báyìí, mẹkáníìkì náà á ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi imú kàn án, mo sì máa ń lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná tí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ láti ilé, mi ò ní gbé ìyá mi jókòó tì í lọ sójú ọ̀nà.