Máṣíìnì Ìyá Mi Rèé ní Ìgàndó

Mo rí máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi lónìí, wọn ò sì jẹ́ kí n gbé e!

Lọ́dún 1993, ìyá mi gbé e lọ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkọ̀tún. Máṣíìnì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń tọ́ wa o! Inú bí mi gan-an. Mo rò pé wọ́n ti tà á ní gbàǹjo.

Àfi bí mo ṣe lọ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ní Ìgàndó láàárọ̀ yìí. Mo wo tábìlì máṣíìnì ìyá tó ń ránṣọ, mo rí ojú àpá ibi tí mo ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti rí máṣíìnì yìí?"

"Ti Ọlọ́run ni o. Màmá kan ló gbé e wá sí ìkórè, wọ́n ní ká má tà á. Ẹni tó bá fi kọ́ṣẹ́ á máa fi jẹun títí á fi ra tiẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi kọ́ ẹlòmíì, á sì gbé e fún un. Èmi lẹnì kọkànlá."

Mo ní màmá mi ni màmá yẹn. Ló bá kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún wọn.

Mo wá rọ̀ ọ́: "Ẹ tà á fún mi mà. Wọ́n ti kú, mi ò ní nǹkan wọn kankan lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ wá kọ́ṣẹ́. Bí màmá ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn."

Ìyá mi yìí ṣá! Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n lọ ra tépù àti sísọ́ọ̀sì ni?