Aṣọ Tí Kihachi Fẹ́ Sá Sórí Yìnyín

Nígbà tí ìyàwó Kihachi kú lóṣù kẹjọ, ọkùnrin náà kò sunkún. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé bóyá wọ́n ti jẹun. Mitsuyo, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ìlú Saitama dé pẹ̀lú ojú wíwú, bàbá rẹ̀ sì bi òun náà bóyá ó ti jẹun. Àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọkàn ọkùnrin yìí ti yigbì. Ilé tèmi àti tiwọn fara ti ara wọn, mo sì ti ń gbọ́ ohùn tọkọtaya náà láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìyàwó wá sí Shiozawa, abúlé wa yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní bi mí?

Sumie ni orúkọ ìyàwó náà, obìnrin ẹlẹ́jọ́. Bí Kihachi bá ti ilẹ̀kùn, á ní ó ń fẹ́ kí ooru pa òun. Bó bá ṣí i, á ní òtútù ló fẹ́ fi pa òun. Wọ́n jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, wọ́n jà lórí ẹni tó gbé àga kúrò nídìí iná. Ìjà wọn kì í dé ibi tí ẹnikẹ́ni á fi lọ là á. Láàárọ̀ tí n kò bá gbọ́ ohùn Sumie, ohun tí mo máa ń rò ni pé ara rẹ̀ kò yá.

Iṣẹ́ Kihachi ni kó máa sá aṣọ sórí yìnyín. Níhìn-ín, aṣọ ọ̀gbọ̀ tí àwọn obìnrin ń hun nígbà òtútù kò tíì pé aṣọ, àfi tó bá sùn lórí yìnyín. Bí oòrùn oṣù kejì bá yọ, Kihachi á tẹ́ ẹ sórí pápá funfun, oòrùn á máa yọ́ yìnyín lábẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí á sì máa jáde lára aṣọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ti wọ̀ gbó pàápàá, àwọn tó ni ín máa ń dá a padà wá láti ọ̀nà jíjìn. A máa ń sọ pé aṣọ náà wá kí ilé, bí ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ ṣe ń wá kí ìyá rẹ̀. Á dé pẹ̀lú àbàwọ́n lọ́rùn, á sì padà lọ bí ẹni pé àná ni wọ́n gé e kúrò lórí òfì.

Sumie ní ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Aṣọ náà ló wọ̀ ní gbogbo àkókò ooru tó fi ṣàìsàn, ó ní òun kò lè fara da òmíràn. Kihachi ló ń fi ṣíbí bu oògùn sí i lẹ́nu, omi dúdú tí wọ́n fi egbò àti èèpo igi sè. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oògùn dà sí àyà aṣọ, ó sì di àbàwọ́n ràbàtà. Sumie fi ọ̀rọ̀ yìí bá a jà títí tó fi kú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ fún un pé, "Tí yìnyín bá dé, kí o gbé aṣọ mi sá. Mi ò fẹ́ kí Mitsuyo jogún ìdọ̀tí." Kihachi ní òun ti gbọ́.

Ó yẹ kí ìlérí yẹn rọrùn láti mú ṣẹ. Bí a bá ń wá ohun tí abúlé wa kò ṣaláìní rí, yìnyín ni. Ṣùgbọ́n Mitsuyo ti sọ pé bàbá òun kò ní í dá gbé mọ́, pé tí oṣù kẹta bá ń parí lọ, òun á wá mú un lọ sí Saitama. Wọ́n ti rí ẹni tó máa ra ilé àti pápá, ẹni náà sì fẹ́ fi pápá ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nítorí náà, ìgbà òtútù kan ṣoṣo ló kù fún aṣọ Sumie.

Lóṣù kọkànlá, Kihachi pè mí sí ìdí igi kakí rẹ̀, igi eléso tó wà nínú ọgbà.

"Ìyàwó, wá wò ó." Ìyàwó ló ṣì ń pè mí, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ.

"Kí ni kí n wò, Ẹ̀gbọ́n? Ọrùn ń dùn mí."

Ilé ẹyin kòkòrò ni. Ẹ mọ kòkòrò tútù yẹn tó jọ tata, tó máa ń ká apá sí àyà bí ẹni ń gbàdúrà. Àwọn àgbà wa ní ó máa ń mọ bí yìnyín ṣe máa ga tó, á sì so ẹyin rẹ̀ sókè kí yìnyín má baà bò ó.

"Ó ga ju orí mi lọ," ni Kihachi wí. "Yìnyín ọdún yìí á bo fèrèsé."

"Lọ́dún tí yìnyín wó òrùlé wa, ṣé kòkòrò yìí kọ́ ló so ẹyin rẹ̀ sísàlẹ̀?"

"Ọmọdé nìyẹn."

"Ta ni ọmọdé?"

"Kòkòrò ọdún náà."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ kó pátákó jáde, ó kàn án mọ́ gbogbo fèrèsé kí yìnyín má baà fọ́ wọn, ilé rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Òjò ló rọ̀ lóṣù kejìlá. Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun, nígbà tí a ń jẹ àkàrà ìrẹsì nínú ọbẹ̀. Koríko hù lójú pápá Kihachi. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà pè é láti Tsunan lórí òkè, ó ní yìnyín tàwọn ti dé díẹ̀, kó fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn sá a mọ́ tàwọn. Èmi gan-an ni mo gbé tẹlifóònù fún un.

"Ẹ ṣeun," ni Kihachi wí. "Yìnyín ń bọ̀ níhìn-ín. Aṣọ tó fẹ́ kí ilé, ta ní í gbé e lọ sílé aládùúgbò?"

Inú bí mi débi pé mi ò lè mu tíì mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹyin kòkòrò lẹ ṣì ń tẹ̀ lé?" Ó ní ẹyin náà ga. Kí oṣù náà tó parí, òjò ti fọ ti Tsunan náà lọ.

Láti ìgbà yẹn, lójoojúmọ́, á wọ bàtà rọ́bà, á lọ dúró láàárín pápá. Kì í gbójú sókè. Á kàn dúró, ọwọ́ lẹ́yìn, á sì padà wọlé wá wo ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀?"

"Bóyá ó ti dé."

"Yìnyín kì í ṣe abẹ́rẹ́. Tó bá dé, a ó rí i láti inú ilé."

"Wọ́n ti fi pátákó dí fèrèsé mi."

"Ta ló dí i?"

Mo rò pé mo ti ṣe àṣejù, mo wá rọ ohùn mi. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún.

"Kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó rò ó díẹ̀, bí ẹni tí dókítà bi léèrè nípa orúnkún rẹ̀. "Rárá," ló wí. "Kò sí ibi tó ń dùn mí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó sunkún lọ, mo sì lọ gé ewébẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n gé.

Kò yé wa bó ṣe yẹ ká ṣe lọ́dún yẹn. Gbogbo ayé wa ni a fi ń bú yìnyín. Òun ló ń wó òrùlé, òun ló ń gbé àgbàlagbà ṣubú, òun ni a ń kó lójoojúmọ́ tí ẹ̀yìn fi ń ro wá. Ní báyìí tí kò sí, ṣọ́bìrì gbẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a jókòó, a ò mọ ohun tí a ó fi ọwọ́ wa ṣe. Genzō, ọkọ mi, ń tu ara rẹ̀ nínú. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ló ń wí. Mo ní akólòlò tiwa kò tíì la ẹnu rárá.

Àwọn tó ń jẹun lára àlejò tó máa ń wá fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín ló fajú ro jù. Lóṣù kejì, wọ́n gbé ọtí ìrẹsì lọ sí ojúbọ òkè láti lọ bẹ yìnyín, èmi àti Kihachi sì tẹ̀ lé wọn. Gbogbo ènìyàn ti tẹrí ba tán, wọ́n ti dìde, Kihachi ṣì wà nílẹ̀. Ryūhei, ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín, kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú u látorí òrùlé, ẹ̀yin náà wá bẹ̀ ẹ́?"

"Ó gbọ́ gbogbo èébú náà," ni Kihachi wí. "Mo wá tọrọ gáfárà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi nìkan ni mo rí i pé kò ṣàwàdà.

Nígbà tí oṣù kẹta wọlé, mo sọ fún Genzō pé sùúrù mi ti tán. A wa ọkọ̀ akẹ́rù wa kékeré lọ sórí òkè, níbi tí oòrùn kì í dé lẹ́yìn ihò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà la òkè kọjá, a fi ṣọ́bìrì kó yìnyín àtijọ́ kún un. A dà á sí pápá Kihachi, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹní. Kihachi jáde wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó fi ìka pa á.

"Ẹ ṣeun gan-an," ló wí. "Ó ti kú."

"Kí ló ti kú?" ni Genzō bi í.

"Yìnyín náà. Tí mo bá gbé aṣọ lé e, dúdú inú rẹ̀ ló máa gbà." Síbẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ wa, ó mú ṣọ́bìrì, ó bá wa tẹ́ èyí tó kù. Ní ìrọ̀lẹ́, òjò dé, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ sínú gọ́tà.

Mitsuyo dé pẹ̀lú páálí lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà. Ó ń di àwo, ó ń di bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ fún mi nípa yàrá tó ti tún ṣe fún bàbá rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, mo ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ayé dákẹ́, ó funfun. Yìnyín ti ga dé àárín ojúgun, ó sì tutù rinrin, irú èyí tí kì í pẹ́. Oòrùn ti ń yọ lẹ́yìn òkè.

Kihachi ti wà níta. Ó ti rẹ aṣọ Sumie sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwa mẹ́ta ló di igun rẹ̀ mú, èmi, òun àti Mitsuyo. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí a ó gbà kí a má baà tẹ ojú yìnyín mọ́lẹ̀, ó ń pàṣẹ fún wa pẹ̀lú ojú nìkan. A tẹ́ ẹ. Kihachi kò kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Mitsuyo gbé ìṣù ìrẹsì lọ fún un, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a ká aṣọ náà wọlé. Àbàwọ́n náà ti ṣá. Kò tíì tán, ó kù bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Mitsuyo bú sẹ́kún nígbà tó rí i. Ó ní, "Bàbá, tó bá rí oòrùn ọ̀la, ó ti bùṣe nìyẹn." Kihachi ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sùn pẹ̀lú ìdùnnú lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní í parọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run mọ́ gaara, yìnyín ṣì wà lójú pápá. Mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo jáde. Kò sí aṣọ lórí pápá. Kihachi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, aṣọ wà lórí itan rẹ̀, ó ká a kí ibi àyà rẹ̀ lè wà lókè.

"Ẹ̀gbọ́n, oòrùn ti yọ."

"Mo rí i."

"Yìnyín ò ní í kọjá òní. Ẹ jẹ́ ká gbé e."

Kò dìde. Ó na àtẹ́lẹwọ́ lé àbàwọ́n náà, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn, mo sì rí i pé omi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ọwọ́ náà. Láti oṣù kẹjọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo jókòó tì í.

"Ọwọ́ mi ló da èyí," ló wí. "Orí Sumie wà ní apá mi níbí nígbà náà. Tí mo bá sá a lónìí, kò ní í ku nǹkan kan."

"Ohun tí Àǹtí Sumie fẹ́ nìyẹn. Ẹ ti ṣèlérí fún wọn."

"Mo mọ̀."

"Inú á bí wọn, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí inú bí i," ni Kihachi wí. "Kó wá bá mi jà."