Adìẹ Kóráà Tí Bàbá Mi àti Àbúrò Wọn Jọ Jẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìwó nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lẹ́nu.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni. Ilé ọkọ mi kọjú sí sọ́ọ̀bù Kóráà kan tó ń ra kòkó. Kóráà là ń pe àwọn ará Lẹ́bánónì nígbà náà. Lọ́sàn-án Sátidé, ọkùnrin yìí á da ẹyín iná sínú páànù gígùn lábẹ́ igi ọdán, á fi aáyù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa adìẹ lára, á gún un mọ́ irin, á wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí awọ rẹ̀ á fi pọ́n, tí ọ̀rá á máa kán sínú iná. Àwọn akọ̀wé àti awakọ̀ lọ́rì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta gbangba, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì mu ẹmu lé e. Èmi ni mo ń ta búrẹ́dì fún wọn.

Bàbá mi náà máa ń wá. Alùfáà ni wọ́n, wọ́n ní ilé kéú, wọn ò sì jẹ́ fẹnu kan ẹmu. Àmọ́ Mùsùlùmí ni Kóráà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi Bísímílàhì dúńbú adìẹ, ó sì gbọ́ Lárúbáwá. Bàbá mi á jókòó lọ́tọ̀, wọ́n á jẹ tiwọn, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ tí èmi ò gbọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì, bàbá mi ti lọ.

Ta ló wá ń gbé ẹmu wá síbẹ̀? Bàbá Kékeré ni, àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyá wọn gan-an. Kuta, ìlú kan nítòsí Ìwó, ni wọ́n ti ń dá ẹmu. Kí n tó gbọ́njú ni bàbá mi ti lé wọn kúrò nílé, wọ́n ní akèrègbè ẹmu àti wàláà tí àwọn ọmọ kéú fi ń kàwé ò lè jọ gbé abẹ́ òrùlé kan. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àbúrò wọn, bàbá mi á ní àwọn ò ní.

Bàbá Kékeré mọ àkókò tí ẹ̀gbọ́n wọn máa ń lọ. Wọ́n á fara pamọ́ sẹ́yìn lọ́rì títí bàbá mi á fi lọ. Àánú wọn máa ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n kí ni irú mi lè sọ fún alùfáà?

Lọ́jọ́ kan, òjò dé lójijì. Bàbá mi sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ́ọ̀bù, Bàbá Kékeré náà sáré gbé akèrègbè wọbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí gbárí. Bàbá mi wo àbúrò wọn títí. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn rẹlẹ̀.

"Ṣé orí rẹ ló ti funfun báyìí?"

Bàbá Kékeré dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tútù. "Ó ti pẹ́ tó ti funfun, Ẹ̀gbọ́n."

"Dìde. Gbé nǹkan rẹ yẹn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí o fọwọ́, kí o wá jẹun."

Kóráà fa adìẹ yọ lára irin, ó gbé e sí àárín wọn, mo bu búrẹ́dì tì í. Bàbá mi ya itan adìẹ, wọ́n fi lé àbúrò wọn lọ́wọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ odò tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní kékeré. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò dá, bàbá mi ní kí Bàbá Kékeré wá bá àwọn kírun Jímọ̀, kí àwọn sì jọ jẹun nílé. Bàbá Kékeré ní àwọn á wá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ bá wọn se oúnjẹ. Bàbá mi ń yọjú sí títì ṣáá. Wọ́n kírun tán, oúnjẹ tutù, Bàbá Kékeré ò dé. Bàbá mi ní ó jọ pé ẹmu ti fa àbúrò àwọn padà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ti Kuta dé lórí kẹ̀kẹ́. Igbà tí Bàbá Kékeré fi ń gun ọ̀pẹ ló já láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti ṣaláìsí.

Kóráà ló fi lọ́rì rẹ̀ gbé wa dé Kuta. Ìyàwó Bàbá Kékeré ròyìn fún wa pé ìdájí ni wọ́n jáde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tètè dá ẹmu ọjọ́ náà tán, kí àwọn ráyè wẹ̀ dáadáa, kí àwọn má bàa gbé òórùn ẹmu wọ ilé ẹ̀gbọ́n àwọn. Dàńṣíkí funfun tí wọ́n fọ̀ ṣì wà lórí okùn.

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Alùfáà kan tó bá wa lọ sọ pé kò yẹ kí àwọn kírun sí adẹ́mu lára. Bàbá mi dìde. Wọ́n ní, "Àbúrò mi ni. Bí ẹ ò bá dúró sẹ́yìn mi, èmi nìkan á kírun sí i lára." Gbogbo wọn tò sẹ́yìn bàbá mi.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, bàbá mi sọ fún mi pé, "Gbogbo ọdún tí mo fi bínú, ọ̀sán kan ṣoṣo tí a jọ jẹun ló kù fún mi níbẹ̀." Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n kó ìyàwó àti àwọn ọmọ Bàbá Kékeré wá sí agboolé wa, wọ́n sì ń dárúkọ àbúrò wọn fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ ò gbọ́ ọ mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ ò kí, ẹ lọ kí i. Ẹ má dúró kó kọ́kọ́ yí padà. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí yín rí? Ta lẹ pè padà kó tó pẹ́ jù? Ta ni kò ṣeé pè mọ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Mo ti dàgbà, mo sì ráyè gbọ́.