Ìdáhùn Inú Ilé, Ìdáhùn Ojú Ọ̀nà

Fàdílà máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kì í mú ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò, ló gbà á síṣẹ́, nítorí ó gbọ́ Yorùbá ìlú Kambolé, ó gbọ́ èdè Tem, Faransé rẹ̀ sì já gaara. Àwọn àgbàlagbà tó ti àjò padà sílé ló ń bi: ṣé wọ́n ń rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ṣé aládùúgbò ń yà kí wọn? Tó bá ṣe díẹ̀, á tún padà lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Bí ìdáhùn méjèèjì bá bára mu, wọ́n á gbà pé ìwé ìbéèrè náà ṣeé gbára lé. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá sì fi hàn pé ó dá wà, wọ́n á máa rán èèyàn lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ràbíátù wà lára wọn. Ó pẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó kú, kó tó padà sí Kambolé. Nígbà àkọ́kọ́, ó tẹ́ ẹní fún Fàdílà, ó bu omi fún un, ó ní àlàáfíà ni, àlùhámúdùlíláì. Ṣé àwọn èèyàn ń yà? Wọ́n ń yà. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, Fàdílà sáré gun alùpùpù lọ. Nígbà kejì, ẹní náà ni, omi náà ni, ìdáhùn náà ni. Inú Fàdílà dùn, ó ká ìwé sínú àpò.

Màmá dìde láti sin àlejò sọ́nà, bí wọ́n ti ń ṣe. Nígbà tí wọ́n kọjá oko àgbàdo, ó dúró.

"Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á kí mi lójú ọ̀nà, wọ́n á kọjá. Ààwẹ̀ tó lọ yìí, èmi nìkan ni mò ń ṣínu."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bi yín?"

"Nínú ilé mi lo ti bi mí. Ta ní ń fi ẹkún gba àlejò?"

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ á mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Fàdílà wọra.

Ní Sokodé, ọ̀gá rẹ̀ Ọlátúndé, ọmọ ìlú Tchamba, tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"C'est parfait! Wọ́n bára mu pátápátá."

Fàdílà sọ ohun tí màmá wí lójú ọ̀nà fún un. Ọlátúndé mi orí.

"Madame Fàdílà, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn tí a ti ká ìwé, kì í ṣe réponse, kì í ṣe ìdáhùn tí a lè kọ sílẹ̀. Bí a bá yí tirẹ̀ padà, ti àwọn yòókù ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ohun tó sì bí Fàdílà nínú gan-an nìyẹn. Wọn ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ Ìyá Ràbíátù wò nìyẹn. Ó dìde, ó dágbére.

Ọlátúndé náà dìde, ó sìn ín jáde. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kò gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dé ẹnu géètì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò. Ó dúró, kò wo ojú Fàdílà.

"Ìyá mi wà ní Tchamba. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pè é lórí fóònù. 'Àlàáfíà ni' ló máa ń wí. Kì í yẹ̀."

Fàdílà yíjú sí i.

"Orúkọ màmá Kambolé yẹn, ẹ kọ ọ́ mọ́ àwọn tí a máa bẹ̀ wò," ni Ọlátúndé wí. "Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti sìn mí sọ́nà kẹ́yìn; inú ilé ló ti máa ń dá mi lóhùn."